Sí Mórẹ́nikẹ́, Lórí Iṣẹ́ Abẹ Ojú àti Ọ̀rọ̀ Ìkíni

Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀,
Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta.

Mórẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí ilé ọkọ tù ọ́ lára, kí ojú rẹ sì jẹ́ tìrẹ títí dalẹ́. Àdúrà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni màá fi parí, gbogbo ohun tó wà láàárín kò sì ju àlàyé rẹ̀ lọ.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí ìyá rẹ ń kọ lẹ́tà sí ọ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kadà kan péré ló wà láàárín Ìlàrè àti Modákẹ́kẹ́. Mo lè wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wá kẹ́yìn, o bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a sì máa fi nu ojú tán, o ti gbé iyán síwájú mi, a kò sọ nǹkan kan mọ́. Ti fóònù kò dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tó gbóná nínú ọ̀rọ̀ ni o máa ń sọ pé, "Mọ́mì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ o." Ìwé kì í sunkún, kì í sì í sọ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Má wo bí ojú ìwé náà ṣe pọ̀ tó. Bírò dúdú tó nípọn ni mo fi ń kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí ojú kan àbọ̀ tó kù fún mi.

Nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ti fi yé wa pé àìsàn ojú tó ń bá mi jà ti wà lójú tìrẹ náà, o bi mí nínú ọkọ̀ pé, "Mọ́mì, nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn, èwo ni kí n ṣe?" N kò tíì lanu tí o tún fi sọ pé, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá Dípọ̀ ọkọ mi má gbọ́." O rò pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan ni wọ́n, ọmọ mi. Èyí èkejì ti fẹ́ dáhùn èyí èkíní fún ọ, ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Màámi, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń pò. Wọn kò tíì darúgbó rárá nígbà tí àwọn ará Ìlàrè ti sọ wọ́n ní Ìyá Kìíkíni. Ìwọ náà mọ ilẹ̀ wa. A ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró láìṣe nǹkan kan. Màámi a gbé igbá ọṣẹ sórí, ọrùn wọn á gún, wọn á máa wo iwájú lọ gbọnrangandan, wọn á sì gba ẹ̀gbẹ́ àgbà mẹ́ta kọjá lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwo ibẹ̀. Bí ẹni náà bá wà níwájú wọn gan-an, wọn á kúnlẹ̀ tìgbátìgbá. Àwọn ènìyàn ní ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n ń kí, wọ́n ní owó ọṣẹ ló ń gùn wọ́n.

Èmi ọmọbìnrin wọn máa ń rìn lẹ́yìn wọn, ojú a sì máa tì mí. Mo ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá fò, mo ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún wọn. Orúnkún mi kì í mọ́ nígbà náà. Bí mo bá rántí báyìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó wọlé wa láti fi ẹjọ́ wọn sùn. Orúkọ ni wọ́n sọ wọ́n. Bí wọ́n bá fẹjọ́ sùn, ẹnì kan ì bá béèrè pé kí ló ń ṣe ìyá yìí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n gbé àga wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà gangan, mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ wa ni. Èmi a gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, tó wà lápá òsì wọn, wọn á sì ní, "Ta nìyẹn?" Èmi a fi ìbínú dáhùn pé, "Àbí ẹ kò rí mi ni?"  Nígbà tí ojú náà kú tán, gbogbo wa ní ọjọ́ ogbó ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ àìsàn.

Ó wá kàn mí. O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n o kò bá a níbẹ̀, ìbá wù mí kí o rí i. Iwájú pátákó ńlá kan tó kún fún ihò ni mo ń jókòó sí, mo dé ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, okùn pọ̀ níwájú mi bí ìfun ẹran. Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹlifóònù bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ dé. "Ẹ káàárọ̀ sà, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Mo fa okùn, mo tì í bọ ihò tó yẹ. Mo mọ ohùn gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tó bá iyàwó rẹ̀ jà láàárọ̀, mo mọ ẹni tí ebi ń pa. Ọkàn mi ṣì máa ń fà sí iyàrá kékeré yẹn, sí òórùn okùn rọ́bà tó móoru àti tíì tí a ń pín mu nínú ife kan. Gbogbo ohun tí mo nílò wà níwájú mi nígbà yẹn, n kò sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń dínkù.

Ìyàwó ọ̀gá kan máa ń yìn mí lórí tẹlifóònù pé ohùn mi dùn, pé mo mọ ènìyàn kí. Lọ́jọ́ kan ló wá sọ fún ọ̀gá mi pé operétọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí kò rí òun. Mo sunkún nítorí pé lóòótọ́ ni n kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ohun gbogbo. Bí òjìji bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, mo ti kúnlẹ̀. Bàbá rẹ kò jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ fún àpò sìmẹ́ńtì kan tí wọ́n gbé lé àga lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé, tí mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Wọ́n ní sìmẹ́ńtì náà kò dáhùn, pé òun gan-an ni agbéraga.

Bàbá rẹ yìí náà ló mú mi lọ sí ọsibítù, nígbà tí wọ́n rí i pé mo ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Mórẹ́nikẹ́, ìwọ àti ilẹ̀kùn yìí, kí lẹ fi bá ara yín ṣọ̀tá?" Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ orúkọ náà, gílọkómà.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi èkíní. Má fi àìsàn yìí pamọ́. Oògùn tí wọ́n fún mi láti máa kán sójú, inú agolo mílíìkì òfìfo ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, lẹ́yìn ìkòkò. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ máa ń wá sùn sílé wa nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ afọ́jú wọlé. Bí àlejò bá wà ní ilé ìdáná, n kò ní kán an. Bí a bá lọ òde, n kò ní mú un dání. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ń bọ̀, nítorí pé ojú náà kò dùn mí, kò pọ́n, kò sì yún mi. Ìwà àìsàn yìí nìyẹn, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi bá mi dákẹ́, ojú òsì mi ló sì lọ sí i. Nínú rẹ̀ báyìí, bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni.

Èkejì, má bínú sí ìyá ọkọ rẹ. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ gan-an, nítorí n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ.

Wọ́n wá síbí ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n jókòó sétí àga, wọn kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Mórẹ́nikẹ́, ẹ má bínú. Ọmọ yín kì í kí mi."

Mo ní, "Mórẹ́nikẹ́ tèmi?"

"Bàbá Dípọ̀ wà níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún wọn. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ẹrù ni mí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti ń mú un mọ́ra láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àwọn aya ilé wa wá ń sọ pé ṣebí ọmọ Ifẹ̀ ni, kí ló fẹ́ fi ará Modákẹ́kẹ́ ṣe?"

O mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. N kò ní tú ìtàn ìlú méjèèjì sílẹ̀ fún ọ, àwa tí a bá a láyé kì í fẹ́ rántí rẹ̀. Nígbà tí Dípọ̀ kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ, bàbá rẹ ní àlàáfíà ti dé, ẹ jẹ́ ká fi ìgbéyàwó so ó le. Ìtìjú ló yẹ kó mú mi bí àna mi ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò mú mi. Màámi ni mo rí, pẹ̀lú igbá ọṣẹ lórí.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ jókòó sí?"

Inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ wo kẹ̀? Ìyá Mórẹ́nikẹ́, mo ní ọmọ yín kò kí mi, ẹ ń bi mí ní ẹ̀gbẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Apá òsì ni. Apá òsì ni àga mi máa ń wà."

Mo kúnlẹ̀ mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà, wọ́n mu omi náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fà ọ́ lọ sí ọsibítù bí ewúrẹ́ láìsọ nǹkan kan fún ọ. Ìgbà tí o gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n ní kí o máa tẹ bọ́tìnnì bí o bá ti rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi ń wo ọwọ́ rẹ. Iná ń tàn lápá òsì, ọwọ́ rẹ kò mira. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe rí nínú mi.

Ó yá, ká bọ́ sórí ohun tí dókítà kà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ẹ̀rù ti di ọ́ létí. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú mi méjèèjì sì ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú rẹ.

Omi kan wà nínú ẹyin ojú, kì í ṣe omijé o. Ojú ń pèsè rẹ̀, ojú sì ń dà á jáde láti ibì kan tó dà bí asẹ́. Nínú irú tiwa yìí, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n asẹ́ náà ti dí díẹ̀díẹ̀. Omi wá pọ̀ nínú ojú, ó ń ti iṣan tí a fi ń ríran, iṣan náà ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Gbogbo ìtọ́jú tó wà kò ṣe ju kí omi rọ́nà jáde lọ. Èyí tó ti kú nínú iṣan, kò sí èyí nínú wọn tó lè jí i. Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan ọ́.

Lésà ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Iná ni, kò sí abẹ. Wàá jókòó, wàá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n á tan iná náà sí ibi asẹ́ yẹn, kò sì ní pẹ́ tí wàá fi máa lọ sílé rẹ. Wọ́n ṣe é sí ojú ọ̀tún mi nígbà kan, ó sì fún mi ní ọdún tó dáa. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ máa ń dínkù bí ọdún bá ń gorí ọdún, àwọn mìíràn sì wà tí kì í ràn lọ́wọ́ rárá. Wọ́n lè tún un ṣe. Omi ojú tèmi padà gòkè, ni wọ́n bá ní ó di abẹ.

Abẹ kékeré ló tẹ̀ lé e. Ihò tíńtín ni wọ́n ń lù sí etí ibi dúdú ojú, wọ́n á ti inú lọ bá asẹ́ tó dí náà, wọ́n á là á. Wọn kì í fi ohun kankan sílẹ̀ nínú ojú. Dókítà tó ṣe tèmi sọ pé abẹ́rẹ́ tí àwọn tẹ̀ lórí ni òun lò. Ojú ọ̀tún yìí kan náà ni, lọ́jọ́ tí wọ́n yọ awọ funfun tó bò ó. Ní ìdajì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ dà sínú rẹ̀, gbogbo ayé pọ́n bí ẹni ń wo nǹkan láti inú ife sóbò. Ẹ̀rù bà mí, mo ní wọ́n ti pa mí. Ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ fúnra rẹ̀. Ojú yẹn ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, oògùn kan ṣoṣo ni mo sì ń kán sí i báyìí.

Ẹ̀kẹta ni páìpù kékeré, tí kò tó hóró ìrẹsì. Wọ́n máa ń tì í bọ inú asẹ́ náà kí ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀. Ìyá kan láti Òkè-Ogbó tí a jọ máa ń pàdé lórí bẹ́ńṣì ọsibítù ní in lójú. Ẹ̀jẹ̀ kò dà á láàmú bíi tèmi, ó sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, wọ́n ní láti gbé e wá láti òkè òkun, inú ojú ni yóò sì wà títí láé, ó lè dí, ó lè yẹ̀. Nígbà tí mo bi dókítà bóyá ó ń mú omi wálẹ̀ ju abẹ kékeré lọ, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Ó ní àwọn ọ̀nà kékeré yìí kì í sábà da ojú láàmú púpọ̀, wọn kì í sì í mú omi wálẹ̀ púpọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dára fún ẹni tí àìsàn kò tíì jìnnà lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó tún ní awọ funfun lójú ni wọ́n sábà máa ń fi páìpù yẹn sí. Ìwọ kò ní, nítorí náà bi í dáadáa bóyá ó yẹ ọ́.

Ìkẹyìn ni iṣẹ́ abẹ ńlá, èyí tí wọ́n ṣe sí ojú òsì mi. Ọ̀nà tuntun ni wọ́n ń là fún omi láti gba abẹ́ funfun ojú jáde. Kò sí èyí tó ń mú omi wálẹ̀ tó o. Kò sì sí èyí tó lágídí tó o. Omi lè wálẹ̀ jù, ọgbẹ́ náà lè san jù kí ó sì dí ọ̀nà padà, àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí sì máa ń ṣe jù. Títí dòní, bí ojú yẹn bá pọ́n díẹ̀, mo ti gbéra lọ sí ọsibítù. Ẹni tí iná ti dé orí òrùlé rẹ̀ ló ń ṣe é, èmi sì ti jẹ́ kí iná náà dé ibẹ̀ pẹ̀lú agolo mílíìkì mi.

Dókítà ní ojú ọ̀tún rẹ, ìbẹ̀rẹ̀ ni; òsì ti dé àárín. Ó dábàá lésà fún ọ̀tún, abẹ kékeré fún òsì. Bí o bá bi èmi ìyá rẹ, ohun tí màá mú náà nìyẹn. Fi abẹ ńlá sílẹ̀ sẹ́yìn, kó wà níbẹ̀ bí ọ̀nà kékeré bá kùnà. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí nǹkan mìíràn tó sì yí ọ̀rọ̀ padà, tirẹ̀ ni kí o gbọ́, má gbọ́ tèmi. Bi í pé omi ojú rẹ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ibo. Bi í pé bí kò bá débẹ̀ ńkọ́. Bi í pé ṣé ó ti ṣe irú rẹ̀ dáadáa rí, má tijú, ojú rẹ ni. Kí o sì mọ̀ pé èyíkéyìí tí o bá ṣe, àyẹ̀wò kò ní tán láyé rẹ.

Wò ó, n kò tíì sọ ohun tó jẹ́ kí n mú bírò. Nígbà tí dókítà dárúkọ abẹ kékeré, o dákẹ́. Nígbà tó dárúkọ lésà, o bi í pé, "Ṣé wọn kì í di ojú? Ṣé ẹnikẹ́ni máa mọ̀?" Ó ní rárá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí. Ni o bá ní, "Ẹ ṣe lésà sí méjèèjì, sà." Ó ní òsì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ní o máa rò ó. Mórẹ́nikẹ́, mo gbọ́ ohùn pé mo gbọ́ ohùn nígbà ayé mi. Ìwọ kò bi í bóyá ó máa gba ojú rẹ là. Bóyá ó máa fi í pamọ́ ni o bi í. Agolo mílíìkì mi ni mo rí lọ́wọ́ rẹ.

N kò mọ ìmọ̀ràn kẹta tàbí kẹrin tí mo wà mọ́, má bá mi kà á. Sọ fún ọkọ rẹ lónìí. Ohun tó bá ojú ti bá imú. O ti rí bí bàbá rẹ ṣe máa ń rìn lápá òsì mi, tí wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí bí a bá ń lọ: "Ìyá Rẹ̀mí ń bọ̀. Bàbá oníbàtà jókòó lọ́tùn-ún. Èyí, igi ni, má kí i." O rò pé eré ìfẹ́ arúgbó ni. Eré ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òsì mi náà ni wọ́n. N kì bá rí irú ọkọ yẹn ká ní mo ń fi agolo pamọ́ lọ. Bákan náà, sọ fún Táyọ̀ àbúrò rẹ kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò kó tó di pé ẹnì kan fẹjọ́ òun náà sùn. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Lọ bá wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọ́n á ní àìsàn wà nídìí ẹ̀jẹ̀ wa. Ó wà níbẹ̀, kí ni ká wá ṣe? Bóyá wọ́n á sọ ọ́, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kúrò nínú ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣan ojú. Kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ bíkòṣe ìwọ. Kúnlẹ̀ síwájú wọn gangan níbi tí o ti rí wọn, sọ fún wọn pé, "Mà, ẹ má bínú. N kò fojú di yín. N kò rí yín ni." Kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo Ìlàrè rí Màámi, orúkọ ni wọ́n sọ wọ́n. Ìyá kan ṣoṣo láti Modákẹ́kẹ́ rí ọ, ó mú ẹjọ́ rẹ wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ojú rẹ sì ṣì wà níbẹ̀ tí a lè gbà là. Nínú gbogbo ẹ̀bùn ìgbéyàwó yín, n kò rí èyí tó tó o.

Lẹ́yìn náà, pe dókítà lọ́jọ́ Ajé, kí o gba ọjọ́ fún ojú òsì. Kí wọ́n dì í, kí gbogbo ayé rí i pé wọ́n dì í. Màá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u. Kí ilé ọkọ tù ọ́ lára, kí ojú rẹ sì jẹ́ tìrẹ títí dalẹ́.

Nílẹ̀ wa, ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀. Mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, nígbàkigbà tí o bá wọlé wa, èmi ni màá máa kọ́kọ́ kí ọ. N kò ní dúró wò ó bóyá o máa rí mi. Ohun tí Màámi bi mí nígbà náà, tí mo ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná fi ìbínú dáhùn, ó ti pẹ́ jù láti tún un dáhùn fún wọn. Ìwọ ni màá dá a lóhùn fún. Kó tó di pé o béèrè ta nìyẹn, wàá gbọ́ mi:

"Mórẹ́nikẹ́, èmi ni. Mo wà lọ́wọ́ òsì rẹ."

Èmi,
Ìyá rẹ.